Àáró ni àbí ọ̀wẹ̀?

Ẹ bèèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ bíi Debian mu, àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà láìgba owó, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú.

Àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn ò jìnnà síra ló ń ṣe àáró. Lónìí wọ́n á kọ ebè lóko Àjàyí, bó bá dọ̀la ó kan Àkànní, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Gbèsè ni. Ẹni tí wọ́n bá kọbè fún tí kò yọjú lóko ẹlòmíràn, wọ́n lè má bá a jà, àmọ́ wọn ò ní bá a ṣe é mọ́. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, ẹnì kan ló ń bẹ̀ ẹ́: ó fẹ́ kọ́lé, tàbí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀. Á kó ọ̀rẹ́ àti ẹbí jọ, oúnjẹ àti ẹmu sì di ọrùn rẹ̀. (Bí ọbẹ̀ bá ṣomi, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.)

Ian Murdock ló dá Debian sílẹ̀ ní 1993. Ìwé òfin wọn ti 1998 sọ pé kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dìbò yan olórí lọ́dọọdún, síbẹ̀ olórí náà ò lè rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ tipátipá. Ó lè yan aṣojú, ó lè sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Ìyókù, ẹ̀bẹ̀ ni. Nítorí náà kì í ṣe àáró, torí kò sẹ́ni tó lè sin gbèsè. Ọ̀wẹ̀ ni mo máa pè é, àfi pé kò sí onílé tó ń gbọ́únjẹ. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1997, àwọn tó ń lo ètò náà àti òmìnira ètò fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣáájú.

Ti àlejò ló jọ àṣà wa jù. Onígbọ̀wọ́ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ló ń yẹ iṣẹ́ ẹni tuntun wò, tó sì ń bá a gbé e wọlé. Bó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun mọ̀ ọ́n, ẹni tuntun náà á sì fara mọ́ àdéhùn 1997 yẹn. Láti 2010, atúmọ̀ èdè àti ẹni tó ń kọ ìwé àlàyé náà lè di ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dìbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, ẹni tó pọnmi wà lára àwọn tó kọ́lé.

Ibi tó kù sí ni pé òmìnira kan náà ló ń dá àlejò dúró. Bí kò bá sẹ́ni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́, olórí ò lè fi í há ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, iṣẹ́ ẹni tuntun á sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àáró sàn jù ú lọ níbẹ̀, torí ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ mọ ọjọ́ tí yóò kan òun.