Bàtà tí wọ́n ń bọ́ nísàlẹ̀ òkè àdúrà àti omi tí wọ́n ń gbé bọ̀: kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?

Àbúrò mi, òkun o. Mo rí ìbéèrè ẹ. O ní màmá yín ní Ìyàrá, ní Ìjùmú, máa ń bá ẹgbẹ́ wọn lọ sórí òkè lọ́dọọdún, pé ìsàlẹ̀ òkè ni gbogbo wọn ti ń bọ́ bàtà, tí wọ́n bá sì ń bọ̀ kẹ́ẹ̀gì omi á wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rẹ́ ẹ kan tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ECWA wá sọ fún ẹ pé ẹbọra làwọn màmá yẹn ń bọ tí wọn ò mọ̀. O fẹ́ mọ ibi tí àṣà yìí ti wá àti ohun tó túmọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ ẹ rí nǹkan kan, àmọ́ ibi tó nà án sí kọ́ ló wà. Bàtà lọ́tọ̀, òkè lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, tó o bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, ìjà ni yóò dà.

Ká kọ́kọ́ mú bàtà torí òun ò le. Ẹni tó bá ní àwọn Aládùúrà ló dá bàtà bíbọ́ sílẹ̀ kò tíì ka Bíbélì ẹ̀ dáadáa ni. Ẹ́kísódù orí 3 ẹsẹ 5, Mósè rí igbó tó ń jó tí kò run, wọ́n ní kó bọ́ sálúbàtà ẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ló dúró lé. Wọ́n tún sọ irú ẹ̀ fún Jóṣúà nígbà tó kù díẹ̀ kí Jẹ́ríkò wó, orí 5 ìwé ẹ̀ lo máa ti rí i. Ẹ lọ wo Kùránì náà, Súrà Tọ̀-Hà ẹsẹ 12, Ànábì Músá kan náà, wọ́n ní kó bọ́ bàtà ẹ̀ méjèèjì torí ó ti wọ àfonífojì mímọ́ tó ń jẹ́ Tuwa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí ní Kàbà àti ẹni tó ń lọ Sẹ̀lẹ́ ní Mọ̀pà fi ń to bàtà sẹ́nu ọ̀nà bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní gbà pé ohun kan náà làwọn ń ṣe. Àwọn Sẹ̀lẹ́ tiẹ̀ gbé tiwọn kọjá ẹnu ọ̀nà, tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wọn wọn kì í wọ bàtà rárá, títì gbóná, títì tutù.

Ó tún wà níbi tí ẹsẹ̀ Aládùúrà kankan ò dé rí. Ìlú kan wà ní Ethiopia tó ń jẹ́ Lalibela, ṣọ́ọ̀ṣì 11 ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú àpáta, mi ò ní wọ́n fi òkúta kọ́ ọ o, inú àpáta gan-an ni wọ́n gbẹ́ wọ̀ lọ títí ó fi di ṣọ́ọ̀ṣì tó ní fèrèsé àti òpó, ó ti tó nǹkan bí 800 ọdún báyìí. Tó bá di ọjọ́ 7 January tí í ṣe Kérésìmesì tiwọn, èrò aláṣọ funfun á bo gbogbo ibẹ̀, àwọn míì fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọnú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Òyìnbó náà ń bọ́ bàtà. Ní Ireland, erékùṣù kan wà láàárín adágún Lough Derg tí àwọn Kátólíìkì máa ń lọ, ọjọ́ 3 ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀ níbẹ̀ láìwọ bàtà, lórí òkúta, nínú òtútù. Tẹ́ńpìlì oníwúrà tàwọn Síìkì ní Amritsar, ní Íńdíà, bàtà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, orí ò sì gbọdọ̀ wà ní òfìfo. Ṣé ẹbọra Ìjùmú ló kọ́ gbogbo wọn ni?

Ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju pé: ibi tí mo wọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, onílé wà nílé. Àwa gan-an mọ̀ ọ́n kí Bíbélì tó dé, kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tó máa rọra gbé bàtà wọ iwájú ọba. Nígbà tí ìwé Mósè wá bá wa ní èdè wa, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ẹsẹ yẹn fún bàbá bàbá wa, ojú ẹsẹ̀ ló yé wọn.

Òkè ni ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ti rí nǹkan kan, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹ. Ní gbogbo ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ní Kogí, Yàgbà o, Owé o, Bùnú o, Ìjùmú o, ẹbọra ò jìnnà sí òkè, àpáta, odò àti igbó. Ẹnikẹ́ni ò kàn ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù ú. Kì í sì í ṣe ẹbọra nìkan. Láyé ogun Nupe, nígbà tí àwọn jagunjagun Bídà ń kó wa lẹ́rú láti ìlú dé ìlú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá gùn, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin òkú sí, ọ̀pọ̀ ò sì sọ̀ kalẹ̀ pátápátá àfìgbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Tí ìyá àgbà kan ní ilẹ̀ wa bá ní "òkè gbà mí", ìtàn ló ń sọ yẹn, kì í ṣe ewì. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tó o bá wá sọ fún wọn pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lórí òkè, ṣé wọ́n máa jiyàn ni?

Àmọ́ wo ìyàtọ̀ yìí dáadáa, torí òun ni mo rò pé ọ̀rẹ́ ẹ ò rí. Ẹbọra ní ìlú tó ni ín. Ó ní ìdílé tó ń bọ ọ́, ó ní àwòrò, ó ní ọjọ́, àlejò kì í dá sí i. Òkè àdúrà ò ní ọmọ onílùú. Màmá ẹ ti Ìyàrá, ìyá kan láti Iléṣà, Ìgbò kan láti Ọ̀wọ̀, orí ẹní kan náà ni wọ́n máa sùn lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Nǹkan tuntun nìyẹn nílẹ̀ wa.

Wo ibi táwọn ará wa ń lọ. Àwọn CAC ń lọ Ìkejì-Arákejì, níbi tí Joseph Ayo Babalola ti gbọ́ ìpè ní 1928 nígbà tó ṣì ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, wọ́n sì ń lọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè níbi tí wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní July 1959. Èèyàn ò tiẹ̀ rántí pé ọmọ àdúgbò wa ni, Odò-Ọ̀wá nítòsí Ìlọfà ni wọ́n bí i sí ní 1904, ẹni tó bá wà ní Ẹ̀gbẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Àwọn Kátólíìkì ń lọ Òkè Màríà ní Ọ̀kà-Àkókó, ìyẹn sì rọrùn fún ará Ìjùmú. Àwọn Sẹ̀lẹ́ ń gba Ìmẹ̀kọ lọ ní December, níbi tí sàréè Oshoffa tó dá ìjọ wọn sílẹ̀ wà. Church of the Lord ń kó ara wọn lọ Ògèrè fún Tábórà, àdúrà ọdọọdún wọn tí wọ́n ń parí ní ọjọ́ 22 August. Àwọn Mùsùlùmí, Mẹ́kà ni tiwọn, àwọn ọmọ Tìjáníyà sì tún máa ń dé Kaolack ní Senegal tàbí Fez ní Morocco tí sàréè Ṣéù Àmọ́dù Tìjánì wà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ẹbọra ìlú ẹnikẹ́ni.

Omi wá ńkọ́. Èmi gan-an, omi yìí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ lé, torí òun làwọn èèyàn fi ń bú àwọn ìyá wa jù.

Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ló dá nǹkan sílẹ̀. Àrùn yẹn pa èèyàn débi pé oògùn òyìnbó ò ká a, àgbo ò ká a, àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà nìkan, àwọn ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Látinú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ti jáde ní 1930, Babalola gbàdúrà sórí omi, èrò ń pọn ọ́n, wọ́n ń pè é ní omi ìyè. Kí ni wọ́n kó wá síbẹ̀ láti jó níná? Oògùn, ońdè, ère. Kí ni wọ́n gbé lọ? Omi lásán. Kò séwé nínú ẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò, babaláwo kankan ò sì ní ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹ torí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó máa dárúkọ. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní ẹbọra ni omi ìyè ti wá, ó ti dojú ìtàn kọ ẹ̀yìn, wọ́n gbé omi yẹn jáde láti lé ẹbọra ni.

Gbígbé e bọ̀ wálé ńkọ́? Bi màmá ẹ ohun tí wọ́n kó lọ kó o tó bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n gbé bọ̀. Tí mo bá mọ àwọn ìyá wa dáadáa, ìwé ẹ̀bẹ̀ á kún báàgì wọn: orúkọ ọmọ tó ń wá iṣẹ́ l'Ábújá, orúkọ aládùúgbò tí kò tíì bímọ, orúkọ bàbá àgbà kan tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó rìn mọ́, owó àbẹ́là tí ìyá kan fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé orúkọ gòkè, wọ́n gbé omi sọ̀ kalẹ̀. Ìpín àwọn tí kò lè lọ ni omi yẹn. Bó ṣe rí nìyẹn káàkiri ayé. Alhaji tó bá dé láti Mẹ́kà á gbé Sámúsámù lítà 5 dé, kanga tí Ọlọ́run fi gba Hájárà àti Ìsìmáílù là, gbogbo àdúgbò á sì tọ́ ọ wò nínú ife kékeré. Wọ́n tiẹ̀ gbà nínú Ìsìláàmù pé kéèyàn lọ ṣe Hájì fún òbí ẹ̀ tó ti kú tàbí tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, kó ṣáà ti kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Àwọn JP wa, ìyẹn àwọn Kristẹni tó lọ Jerúsálẹ́mù, omi Jọ́dánì àti òróró ólífì ni wọ́n ń kó bọ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ rán wọn sí Ògiri Ẹkún. Ní Lourdes, ní Fáráńsé, wọ́n ti ń gbomi lọ láti 1858.

Ó wà nínú Bíbélì ọ̀rẹ́ ẹ náà o. Náámánì, lẹ́yìn tó wẹ̀ nínú Jọ́dánì lẹ́ẹ̀méje tí ẹ̀tẹ̀ ẹ̀ san, kí ló tọrọ lọ́wọ́ Èlíṣà? Iyẹ̀pẹ̀! Ẹrù ìbaaka méjì, kó lè gbé e lọ sí Síríà. Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 5 ẹsẹ 17. Èlíṣà ò sì bá a jà, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ máa fi dáhùn, Jòhánù orí 4, níbi tí Jésù ti sọ fún obìnrin ará Samáríà pé wákàtí ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ lórí òkè yìí tàbí ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n á ti máa sin Baba. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì fojú kéré ẹ̀, àwọn ECWA lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró lé e. Ó bá ìtàn wọn mu náà. Nígbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì tó mú ìjọ wọn wá, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ohun tó fi lélẹ̀ ni ìwàásù àti ìwé, lẹ́yìn náà ni ọsibítù àti Titcombe College tẹ̀ lé e, kò fi òkè kankan sílẹ̀ tá a máa gùn. Síbẹ̀ mo rí i pé àwọn ECWA náà ń mú àlejò lọ wo ibi tí Titcombe gbé, inú wọn sì ń dùn gan-an tí wọ́n bá ń ṣàlàyé. Lọ́kọ́jà náà bẹ́ẹ̀, wo bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ níwájú Irin Òmìnira, òpó irin tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀, lọ́gbà iléèwé Holy Trinity tí Ajayi Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú láti Òṣoògùn ní 1821 tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kò sẹ́ni tó bọ́ bàtà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó ṣí fìlà.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa omi yìí yàtọ̀ sí tọ̀rẹ́ ẹ. Owó ni. Omi tí wọ́n fún ẹni lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1930, àwọn kan ti ń lẹ orúkọ ara wọn mọ́ ìgò ẹ̀ báyìí, wọ́n ń tà á nísàlẹ̀ òkè, kékeré iye báyìí, ńlá iye báyìí. Ìyẹn ò lórúkọ lẹ́nu mi. Tún wo kẹ́ẹ̀gì màmá ẹ fúnra ẹ, tó bá jẹ́ ti èṣí ló ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ti ń yọ ewéédò, bá wọn fi wẹ ẹsẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n mu ún. Tí wọ́n bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n lè fi omi ìyè gbé e mì, kí wọ́n ṣáà má fi rọ́pò ẹ̀.

O bi mí bóyá o lè bá wọn lọ lọ́dún yìí. Máa bá wọn lọ jàre, ìwọ lo máa báwọn gbé ẹrù. Bóyá ẹ gba Ìyàmoyè jáde sí Ọ̀múò ni o, bóyá ẹ gba Ayérè bọ́ sí Àkókó ni, ẹ tètè gbéra, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà, ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí báyìí. Mú súwẹ́tà dání torí òtútù òru orí òkè kì í ṣeré. Kó o sì wọ sílípáàsì tó ti gbó lọ, má wọ bàtà tuntun tó o fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, torí àwọn tó ń ṣa bàtà nísàlẹ̀ òkè ò ka Ẹ́kísódù.