Ọmọ mi kàn ń há A, B, C, D sórí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàgámù ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé wọn ò kọ́ wọn ní nǹkan míì mọ́ àfi past question, wọn ò wọ láàbù rárá. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ C, ó ní "Mọ́mì, C náà ni." Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ìyá aláṣọ.

ÌDÁHÙN: Ìyá aláṣọ, ẹ kú sùúrù. Ká má purọ́, àwa òbí náà dá kún un, ṣebí bánà "A mẹ́sàn-án" la máa ń wò ká tó sanwó! Past question ò burú fún JAMB o, torí ìbéèrè 180 ni wọ́n máa dáhùn ní wákàtí 2 lórí kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì 60, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kù 40-40, ìṣẹ́jú kan ò tiẹ̀ pé fún ọ̀kan, ọwọ́ gbọ́dọ̀ yá. Àmọ́ WAEC ní tíọ́rì, kẹ́mísírì sì ní pírátíkà, ọmọ tí ò fọwọ́ kan burette rí (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn kẹ́míkà olómi ní láàbù), kí ló fẹ́ há sórí níbẹ̀? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ láàbù yẹn dé PTA, ẹ má dá lọ. Tó bá dalẹ́, kó mú ìbéèrè márùn-ún péré, kó fi Yorùbá ṣàlàyé wọn fún yín, ibi tó bá ti ń kálòlò, ibẹ̀ ni kó lọ kà.