Iṣan ọkàn tó fẹ̀ jù: ṣé kò sàn ju èyí tó dí lọ ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àyà máa ń dùn mí tí mo bá gun àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá ṣe angiogram (àwòrán iṣan ọkàn) fún mi. Wọ́n ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn mi kò dí, ńṣe ló fẹ̀ jù. Wọ́n wá kọ aspirin àti statin fún mi. Bí iṣan bá fẹ̀, ṣé kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ni? Kí ni mo ń lo oògùn fún? (Bàbá ẹni ọdún 56, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀, àmọ́ kò tíì tó ohun tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ kọ ìwé ìhágún.

Bí ibì kan lára iṣan bá fẹ̀ tó ìlọ́po 1.5 ibi tí ara rẹ̀ dá létí rẹ̀, coronary ectasia la máa ń pè é. Odò tó bá dé ibi tó fẹ̀ á máa rọra ṣàn, pàǹtí á sì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń falẹ̀ níbẹ̀, ó lè dì, èyí tó dì sì lè lọ dí iṣan tóóró níwájú. Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń dunni láìsí pé àwòrán fi ibi tó dí hàn.

Lára àgbàlagbà, ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ló sábà máa ń fà á. Ó ń jẹ ògiri náà títí yóò fi dẹ̀. Àrùn kan náà tó ń dí iṣan ẹlòmíràn ni. Statin ń kojú ọ̀rá, aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ká ní ọmọ ogún ọdún ló béèrè ni, ìyá rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ bi bóyá ibà ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní kékeré, tí ojú, ètè àti ahọ́n pọ́n, tí awọ ìka sì bó: àrùn Kawasaki, tí dókítà Tomisaku Kawasaki kọ nípa rẹ̀ ní Japan ní 1967, òun náà lè mú kí iṣan ọkàn ọmọdé fẹ̀.

Ẹ bi dókítà yín bóyá ibì kan tún há, àti bóyá wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ìdáhùn ìyẹn ló ń sọ bóyá ẹ nílò warfarin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì; a kì í ṣàdédé lò ó, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára. Kí wọ́n fi skáànù wo iṣan ńlá inú ikùn yín pẹ̀lú. Nígbà mìíràn òun náà máa ń wú.

Ẹ má fi ibuprofen kẹ́míìsì kún aspirin, ó máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ má sì gba oògùn abẹ́ ahọ́n (nitroglycerin, tí wọ́n ń lò fún àyà dídùn) lọ́wọ́ aládùúgbò: ó lè dá kún ìrora irú yín. Sìgá ńkọ́? Ẹ jáwọ́. Bí àyà bá dùn yín níjòókòó tí òógùn sì bò yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.