Fún màmá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ sẹ́wọ̀n ní Texas

Ẹ kú ìrọ́jú o, Màámi. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, pé wọ́n ti gbé ọmọ yín kúrò ní jéèlì Harris County (county ni ìjọba ìbílẹ̀ ní Texas), pé látìgbà yẹn ẹ ò gbóhùn ẹ̀, ẹ ò mọ ibi tó wà, àwọn èèyàn sì ti ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tètè fowó ránṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin pẹ́ lẹ́wọ̀n Texas, èmi ni mo sì dúró tì í láti ìta, torí náà ohun tí mo máa sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Àìgbóhùn yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ẹ̀ ná. Tí wọ́n bá ti gba èèyàn lọ́wọ́ county, kì í ṣe ọgbà tó máa gbé ni wọ́n máa ń mú un lọ tààrà, ibì kan wà tí wọ́n á kọ́kọ́ kó wọn sí, wọ́n á yẹ ara wọn wò, wọ́n á bi wọ́n ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó pinnu ọgbà tí wọ́n máa fi kálukú sí, àwọn ọgbà ọ̀hún sì tó bíi 100 káàkiri Texas. Kò sẹ́ni tó máa pè yín pé a ti gbé e o. Ẹ̀yin lẹ máa wá a. Ẹ lọ sórí sáìtì TDCJ, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas, ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ẹlẹ́wọ̀n, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ bí kóòtù ṣe kọ ọ́ gan-an, bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, torí wọ́n máa ń da orúkọ àwa Yorùbá rú gan-an, orúkọ bàbá lè wà níbi tó yẹ kí orúkọ ọmọ wà, lẹ́tà kan sì lè já bọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ kọ nọ́ńbà TDCJ ẹ̀ sílẹ̀ sí ibi tí kò ní sọnù. Lẹ́tà o, owó o, àbẹ̀wò o, kò sí èyí tó ṣeé ṣe láìsí nọ́ńbà yẹn. Kẹ́ ẹ sì máa padà yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, nítorí wọ́n lè gbé e lọ síbòmíì lóru láìsọ fẹ́nikẹ́ni.

Ní báyìí, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi: ohun tẹ́ ẹ bá máa ṣe fún un, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ò ní yẹ̀. Kó kéré, kó má yẹ̀. Mo ti rí ìdílé tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ́n ń ná owó bí omi, gbogbo ẹbí ló ń pè, gbogbo ẹbí ló ń lọ, nígbà tó yá kò sẹ́ni tó gbé fóònù mọ́. Ẹni tó wà nínú yẹn á wá máa ro oríṣiríṣi, ṣé màmá ti kú ni, ṣé wọ́n ti kọ̀ mí ni. Èmi àti àbúrò mi mú ọjọ́ Sunday alẹ́. Ó mọ̀ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá dalẹ́ Sunday èmi á gbé fóònù. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn tó jáde ni pé Sunday yẹn lòun fi ń ka ọjọ́.

Fóònù, òun ló máa pè yín, ẹ̀yin ò lè pè é. Ẹ máa fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Securus, àwọn ló ń bójú tó fóònù àwọn ọgbà náà. Tẹ́lẹ̀, sẹ́ntì 26 ni ìṣẹ́jú kan, ní 2018 ni wọ́n já a wálẹ̀ sí sẹ́ntì 6, wọ́n sì jẹ́ kí ìpè kan lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn dín ìnira kù púpọ̀. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ o, torí náà ẹ má sọ nǹkankan nípa ẹjọ́ ẹ̀ lórí fóònù, lọ́yà ni kó bá sọ ìyẹn. Ẹ má sì so ìpè náà mọ́ ti ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pe màmá àgbà nílé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ẹ má dán an wò, wọ́n lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ tìtorí ẹ̀.

Ohun tá a ṣe fún màmá tiwa tó wà l'Abẹ́òkúta ni pé wọ́n á sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, èmi á wá tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, lédè Yorùbá, n ò yọ nǹkankan kúrò, kódà ibi tí wọ́n ti ń bá a wí. Wọ́n máa ń fi oríkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Àkànní, wọ́n á sì kì í dé ìdí. Kí ẹ tó lè ṣe irú èyí, ẹ ní láti sọ fáwọn tó wà nílé o. Ẹ ní ẹ ti sọ fún wọn pé ó lọ síṣẹ́ ní ìlú míì. Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ìtìjú yẹn, mo mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá béèrè ẹ̀ lóde àríyá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé e, òun náà á sì wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti sin. Kì í ṣe gbogbo ayé lẹ máa sọ fún. Ẹ mú àwọn tí ọmọ náà máa ń bọ̀wọ̀ fún, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tó.

Lẹ́tà ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Láti 2023, kì í lọ sí ọgbà mọ́, àdírẹ́sì kan ní Dallas lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, wọ́n á yà á sórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, òun á wá kà á lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tí wọ́n ṣe é, torí ìwé tí ọwọ́ ìyá ẹni ti kàn yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn ń wò lójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra káàdì ọjọ́ìbí ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo sáìtì TDCJ bóyá wọ́n ń gbà á. Ìwé kíkà náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni kó ti lọ tààrà.

Ká bọ́ sórí owó. Texas kì í san kọ́bọ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n tó bá ṣiṣẹ́. Oko ni o, kíṣìnnì ni o, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà ọṣẹ gidi, bébà àti sítáǹpù, nódùùsù tó máa jẹ nígbà tí oúnjẹ ọgbà ò bá ṣeé jẹ, ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ ti máa wá. Tó bá ní kóun rí dókítà, láti 2019 wọ́n lè yọ $13.55 nínú àkántì ẹ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yin nìkan. Àwa ṣe é bí àjọ: kálukú mọ oṣù tiẹ̀, iye tí ò ní pa á lára ló ń dá, nígbà tó bá kan ẹnì kan kì í wí àwáwí. Orí àkántì ẹ̀ ni kówó máa lọ o, lọ́nà tí TDCJ kọ sórí sáìtì wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé ọmọ yín wà nínú wàhálà, pé ẹ fi owó sí Cash App lágbájá báyìí báyìí, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n mọ ọgbà tó wà, gbogbo ara mi ló gbọ̀n, mo pe ọgbà fúnra mi, kò sóhun tó ṣe é.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ rí i pé owó fáànù wà nínú àkántì ẹ̀ kó tó di June. Ọ̀pọ̀ ọgbà ni kò ní ẹ́síì níbi tí wọ́n ń sùn, ooru Texas sì ti pa èèyàn nínú ibẹ̀. Ní March 2025, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan, Robert Pitman, sọ pé ooru yẹn ta ko òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ kò pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ́síì sí i lójú ẹsẹ̀. Tó bá ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ó ń lo oògùn, ẹ tètè kọ̀wé sọ fún ọgbà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà.

Àbẹ̀wò: òun ló máa kọ orúkọ àwọn tó lè wá, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Saturday àti Sunday ni, wákàtí méjì. Ẹ rí i dájú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí tí wọ́n bá ti ọgbà pa láti yẹ inú ẹ̀ wò, ẹ lè wakọ̀ wákàtí mẹ́rin kí wọ́n dá yín padà lẹ́nu géètì. Ẹ má wọ aṣọ funfun, torí funfun làwọn ẹlẹ́wọ̀n ń wọ̀; ẹ̀yin Sẹ̀lẹ́ àti Kérúbù, ẹ má gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà pẹ̀lú sùtánà. Tó bá jẹ́ ìyá ni yín, wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó láìsí gíláàsì láàárín, kẹ́ ẹ dì mọ́ ọn. Ẹ béèrè fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dì mọ́ àbúrò mi, ó ti gbẹ, n ò sọ fún un.

Ti parole, ìyẹn kí wọ́n dá a sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀wọ̀n ẹ̀ tó pé, ẹ má dúró dìgbà tó bá kù díẹ̀. Lẹ́tà àtìlẹ́yìn tó wúlò ni èyí tó sọ ohun tó dájú: yàrá rèé, àdírẹ́sì rèé, ẹni tó máa fún un níṣẹ́ rèé. “Ọmọ dáadáa ni” látẹnu pásítọ̀ ò burú, àmọ́ kò tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fẹ́ni tó máa ṣojú ẹ̀, lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ Texas nìkan ni òfin gbà láyè, ẹni tó bá ní òun á rí i gbà dájúdájú, ẹ sá fún un.

Èyí tó kàn ni ẹ ò mẹ́nu bà. Ṣé ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, àbí gríìnkáàdì ló ní? Tó bá jẹ́ gríìnkáàdì, ICE, àwọn tó ń lé àjèjì kúrò ní Amẹ́ríkà, lè ti fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n fà á lé àwọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá máa jáde. Lọ́yà ìwé ìrìnnà lẹ nílò nígbà náà, kì í ṣe lọ́yà tó gba ẹjọ́ ẹ̀ rò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dúró di ọdún tó máa jáde. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì kọ́ńsúlù wọn létí tí wọ́n bá mú ọmọ wọn, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbọ́.

Ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn, kẹ́ ẹ sì sọ ọgbà tí sáìtì bá fi hàn fún yín, kẹ́ ẹ má kọ nọ́ńbà ẹ̀ síta níbí. Màá sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí.