Kí ló dé tí àwọn ará abúlé inú "The Lottery" kò fi àṣà náà sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kábà béèrè ìdí tí àwọn ará abúlé inú "The Lottery", ìtàn kúkúrú tí Shirley Jackson tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948, fi ń sọ ẹni tí ìbò bá mú lókùúta pa lọ́dọọdún.

Wọn kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́, àìmọ̀ yìí gan-an ni òǹkọ̀wé sì fẹ́ kí a rí. Àpótí dúdú tí wọ́n ń kó ìwé ìbò sí ti ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ wọn kò kan òmíràn. Wọ́n ti fi bébà rọ́pò ègé igi, wọ́n ti gbàgbé ìkíni àtijọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé òkúta. Warner, àgbàlagbà tí ó ti ń kópa fún ìgbà 77, ka àwọn abúlé tí ó fẹ́ pa àṣà náà tì sí òmùgọ̀. (Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kábà wà, bí ọmọdé bá béèrè ìdí èèwọ̀ kan, àgbà sábà máa ń ní ìtàn tí yóò sọ, Warner kò ní ju òwe kan nípa àgbàdo lọ.)

Ọ̀rọ̀ Tessie Hutchinson, obìnrin tí ìbò mú níkẹyìn, ni kí o tún kà dáadáa. Kò tako àṣà náà títí ìbò fi bọ́ sí ìdílé rẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀ kò sì ju pé wọn kò fún ọkọ òun ní àkókò tó láti mú ìwé tí ó wù ú. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ti wà nílé ọkọ wá bá wọn mú nínú ìwé ìbò náà.