Èsì fún ẹni tí ó béèrè irú ènìyàn tí ń wa ọkọ̀ hybride

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ láti Kétu: o ní ọmọ ọdún 28 ni ọ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé ọkọ̀ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ni hybride (ọkọ̀ tí ń lo ẹ́ńjìnnì epo pọ̀ mọ́ mọ́tò iná), o sì fẹ́ mọ àwọn tí ń wà á àti ohun tí ó ń mú wọn rà á. Mo ti ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu, ojú mi sì ti rí màbo nídìí rẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bí ó bá jẹ́ ti òkè òkun. Nígbà tí Toyota gbé Prius, ọkọ̀ hybride rẹ̀, jáde ní Japan ní ọdún 1997, tí ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àgbà tí ó kàwé, tí ó sì lówó lọ́wọ́. Àwọn kan rà á nítorí èéfín tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, àwọn mìíràn nítorí epo, pàápàá ní ọdún 2008 tí gálọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 4 lọ́dọ̀ wọn. Ní Kalifọ́níà, láti ọdún 2005 sí 2011, ìjọba fàyè gba díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí láti tọ ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí ó kó èrò, kódà bí awakọ̀ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Benin, ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí mo mọ̀ ni òṣìṣẹ́ tí ń lọ Kútọnu lójoojúmọ́, onítakisí, ìyá oníṣòwò, àti ọ̀dọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí láti ilẹ̀ Faransé. Epo ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti tán ní Nàìjíríà, kpayo, epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, ti gbówó lórí débi pé ẹni tí kò ṣírò epo rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, mọ́tò iná ni ó sábà máa ń gbé ọkọ̀ náà, bí a bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí ì bá ṣòfò a padà sínú bátìrì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi ta tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Prius ṣe onídùúró bátìrì ńlá tí ń fún mọ́tò iná lágbára fún ọdún 8, fún àwọn ọkọ̀ tí ó ṣáájú ti ọdún 2020. Nígbà tí ọdún náà bá pé, tí olówó rí i pé ìnáwó lè dé, a gbé e tà, òun ni a sì ń bá pàdé ní èbúté Kútọnu. Ẹni tí ó ta tèmi fọwọ́ sọ̀yà pé bátìrì náà kò lábùkù.

Ní àsìkò ọyẹ́, lójú ọ̀nà Pobẹ̀ sí Kétu, iná pupa tàn níwájú mi, ọkọ̀ náà sì rẹ̀wẹ̀sì débi pé alùpùpù ń yà mí kọjá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ búùjì (plọ́ọ̀gì), ó gbowó, iná náà tún tàn kí n tó délé. Èkejì, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú hybride, so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọkọ̀, ó ka nọ́ńbà, ó sì ní kí n lọ ra bátìrì tuntun ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀; kò tilẹ̀ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì náà wà, wò. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ohun tí ó bá ti jáde lọ́gbà òun kò kan òun mọ́. Mo mú ìwé àyẹ̀wò lọ bá àwọn tí ó fọwọ́ sí i, wọ́n ní iná àti bíréèkì ni àwọn ń wò. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná kan ní Àjàṣẹ́ ni ó wá yọ ìjókòó náà tí ó fi hàn mí pé eruku àti irun ti dí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì, pé ooru ti pa méjì nínú àwọn àpótí kéékèèké tí ó para pọ̀ di bátìrì náà, àti pé bàbà tí ó so wọ́n pọ̀ ti dípẹtà. Ó fọ fáànù, ó ha bàbà, ó pààrọ̀ méjèèjì, ọkọ̀ náà sì gbéra.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ náà fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn, nítorí iná tí ó ju 200 volt lọ wà nínú rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Bátìrì kékeré 12 volt tún wà. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní jí, àwọn kan á sì fi ìyẹn gba owó bátìrì ńlá lọ́wọ́ rẹ. Yẹra fún kpayo tí a ti bu omi mọ́.

Ní Kétu tí ìwọ wà, tí ọ̀nà rẹ gùn tí kò sì sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, èrè rẹ lórí epo kò ní tó tiwa. Bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, jẹ́ kí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn lójú rẹ kí o tó sanwó, máa fọ fáànù náà ṣáájú ọyẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, má sì kó àpò àgbàdo tàbí iṣu dí ihò atẹ́gùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà.