Ẹ Bi Wá: Fódà kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà méjì lórí Linux

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hard disk ńlá mi wà ní /data, inú /data/fidio ni àwọn fídíò wà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń gba FTP (ọ̀nà tí a fi ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) wọlé rí wọn ní /srv/ftp/fidio. Mo ti fi ln -s (àṣẹ tó ń ṣe ìjápọ̀ sí fódà míì) ṣe é. Èmi ń rí i, àwọn ò rí i ṣí. Kò sì sí àyè tí mo lè dà wọ́n kọ sí.

ÌDÁHÙN: FTP yín ti há wọn mọ́ inú /srv/ftp, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí "/". Àdírẹ́sì lásán ni ln -s ń kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e, /srv/ftp/data/fidio ni wọ́n ń wá, kò sì sí níbẹ̀. Bind mount, ìyẹn kí fódà kan náà hàn ní ibòmíràn pẹ̀lú, ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìjápọ̀ àtijọ́, ẹ má fi "/" parí orúkọ rẹ̀:

sudo rm /srv/ftp/fidio
sudo mkdir /srv/ftp/fidio
sudo mount --bind /data/fidio /srv/ftp/fidio

Kò da fáìlì kankan kọ, kò sì gba àyè. Àmọ́ fáìlì kan náà ni o: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbí ti lọ lọ́hùn-ún náà. Ẹ má fi rm -r kan fódà yẹn láìkọ́kọ́ ṣe umount (yíyọ ìsopọ̀ yẹn kúrò). Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí àwọn àlejò yí nǹkan kan padà níbẹ̀ (ro ni kíkà nìkan):

sudo mount -o remount,bind,ro /srv/ftp/fidio

Ẹ̀yin á ṣì lè kọ nǹkan sí /data/fidio.

Bí hard disk mìíràn bá tún wà lábẹ́ /data/fidio, --bind ò ní mú un dání, òfìfo ni wọ́n máa bá níbẹ̀. --rbind ni kí ẹ lò.

Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà padà, gbogbo rẹ̀ ti lọ, àfi tí ẹ bá kọ ọ́ sínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ ohun tí Linux máa gbé sókè nígbà tó bá ń tàn), lábẹ́ ìlà tó ń gbé /data sókè, torí mount -a máa ń tẹ̀ lé ìlà látòkè sísàlẹ̀:

/data/fidio /srv/ftp/fidio none bind,nofail 0 0

nofail yẹn ni kò ní jẹ́ kí àṣìkọ kan dá kọ̀ǹpútà dúró lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń tàn. Ẹ ṣe umount, kí ẹ wá dán an wò pẹ̀lú sudo mount -a. Bí umount bá ń pariwo "target is busy", ẹ wò ó bóyá terminal tiyín gan-an ló dúró sínú fódà náà. Lẹ́yìn náà, findmnt /srv/ftp/fidio: bí ẹ bá rí nǹkan bíi /dev/sdb1[/fidio], ó ti wọlé.